Kásẹ́ẹ̀tì Abẹ́ Bẹ́ẹ̀dì: Ohùn Òde Àríyá Tí Kò Dé Inú Àwo Orin

Àbúrò ìyá mi ọkùnrin, ẹni tí gbogbo àwa ọmọ ilé ń pè ní Bọ̀dá, pè mí lórí fóònù ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan pé kí n wá kó ẹrù mi. Mo bi í pé ẹrù wo. Ó ní àpótí tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì òun ni. Ó ní èmi ni mo lọ kẹ́kọ̀ọ́ nípa èdè àti orin Yorùbá ní yunifásítì, pé etí òun kò sì fi bẹ́ẹ̀ gbọ́rọ̀ mọ́. Bí òun bá papòdà lónìí, orí ààtàn ni àwọn ọmọ òun yóò da gbogbo rẹ̀ sí. Ní ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo wọ ọkọ̀ gba Àpápá kọjá, mo sọ̀ kalẹ̀ ní Boundary, mo sì fẹsẹ̀ rìn wọ inú Ajégúnlẹ̀ lọ sí ilé tí wọ́n bí ìyá mi sí.

Kásẹ́ẹ̀tì 117 ni mo kà nínú àpótí náà. Báírò ni Bọ̀dá fi kọ̀wé sí ara ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn: orúkọ olórin, orúkọ àdúgbò, irú ináwó tó jẹ́, àti ọdún. Ìsìnkú ní Mushin. Ìṣílé ní Amùkòkò. Ìkómọ ní Òkè-Àrín. Ìwúyè ní Ìjẹ̀bú-Òde. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ilé-iṣẹ́ àwo orin kankan ṣe jáde. Bọ̀dá fúnra rẹ̀ ló gbà wọ́n sílẹ̀ lójú agbo, láàárín ọdún 1981 sí 1998, kò sì tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ olórin kankan kí ó tó ṣe é.

Live play ni àwọn ará Èkó ń pè é. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ fújì lórí YouTube ti mọ irú rẹ̀ dáadáa: orin tó lè gba wákàtí méjì, tí ariwo èrò ń lọ lẹ́yìn rẹ̀, tí olórin ń dárúkọ ẹni tó ń náwó fún un, tí kò sí orúkọ ilé-iṣẹ́ kankan lára rẹ̀. Kí íńtánẹ́ẹ̀tì tó dé, orí kásẹ́ẹ̀tì ni gbogbo rẹ̀ wà, ọwọ́ àwọn ènìyàn bíi Bọ̀dá ni ó sì ti ń wá.

Lébìrà ni Bọ̀dá ní wọ́ọ̀fù Àpápá nígbà náà. Ní àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, yóò kúrò ní Ajégúnlẹ̀, yóò sọdá odò ẹlẹ́gbin tó pààlà sáàárín àdúgbò méjèèjì, yóò sì gba Wharf Road lọ síbi iṣẹ́. Ojú ọ̀nà kan náà yìí ni ilé-iṣẹ́ EMI wà, pẹ̀lú yàrá ìgbohùnsílẹ̀ rẹ̀. EMI ló ṣe àwọn àwo Àyìnlá Ọmọwúrà, baba alápàlà, jáde títí ọlọ́jọ́ fi dé bá a ní ọjọ́ 6 oṣù Karùn-ún ọdún 1980. EMI náà ló gbé Chapter One jáde ní ọdún 1973, àwo àkọ́kọ́ tí BLO, ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì tí àwọn ọmọ Nàìjíríà dá sílẹ̀, ṣe. Ní ọdún yẹn kan náà, ní oṣù Kẹjọ, Paul McCartney, tó ti wà nínú ẹgbẹ́ Beatles tẹ́lẹ̀, kó ẹgbẹ́ rẹ̀ Wings wá láti Lọ́ńdọ̀nù sí yàrá Àpápá yìí láti wá ṣe Band on the Run.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan tí òun àti ìyàwó rẹ̀, Linda, ń fẹsẹ̀ rìn ní ìgboro Èkó, àwọn olè fi ọ̀bẹ halẹ̀ mọ́ wọn, wọ́n sì gba àpò tí kásẹ́ẹ̀tì orin tuntun wọn wà nínú rẹ̀ lọ. Ohun tó kù lágbárí ọkùnrin náà ni ó fi ṣe àwo, èyí tó jáde ní oṣù Kejìlá ọdún náà. Ọmọdé ni Bọ̀dá nígbà tí ìròyìn yìí tàn dé Ajégúnlẹ̀. Títí di òní, ó máa ń sọ pé ká ní ọwọ́ àwọn ará àdúgbò òun ni kásẹ́ẹ̀tì náà bọ́ sí, wọn ì bá ti dà á kọ, gbogbo Boundary ì bá sì ti mọ orin náà lórí kí òyìnbó tó wọ bàálù padà sílé. Àwàdà ni o. Ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí n mọ ojú tí ó fi ń wo kásẹ́ẹ̀tì: ohun tó bá ti wà lórí rẹ̀ ti di ti gbogbo ayé.

Kò wọ inú yàrá EMI rí. Ẹni tó bá fẹ́ wọ ibẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ìwé àdéhùn, lébìrà kò sì ní. Ọwọ́ atukọ̀ ojú omi kan ní wọ́ọ̀fù ni ó ti ra rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì tirẹ̀, ó sì gbé e lọ síbi tí kò sí ẹni tó ń béèrè ìwé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ìyẹn òde àríyá.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ṣe ni ó ń fi rédíò náà pamọ́. Yóò bá àwọn tó ń gbé ọtí wọlé rìn, yóò gbé e sínú kéréètì tí kò sí ìgò nínú rẹ̀, yóò da aṣọ bò ó, yóò sì gbé e kalẹ̀ sí ibi tí kò ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá lọ sí sípíkà. Bí ó bá sún mọ́ ọn jù, ohùn ìlù yóò máa fọ́. Bí ó bá jìnnà jù, àwọn obìnrin tó ń pín jọ̀lọ́ọ̀fù ni yóò bo olórin mọ́lẹ̀. Nígbà tó yá, ó di ojúlùmọ̀ àwọn tó ń mójú tó ẹ̀rọ fún àwọn olórin. Ó ń fún wọn ní owó ọtí, wọ́n sì ń jẹ́ kí ó fi wáyà so rédíò rẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ wọn, kí ohùn lè wọlé tààrà láti inú máíkì. Ìyàtọ̀ náà hàn kedere nínú àpótí yìí. Láti ọdún 1987 lọ, ohùn olórin mọ́ gaara, gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni a gbọ́. Àmọ́ àwọn èrò ti sọnù. Ní tèmi, àwọn ti inú kéréètì ni mo fẹ́ràn jù, nítorí pé a ń gbọ́ àwo tó ń fọ́, ọmọ tó ń sunkún, àti bàbá kan tó ń bú ẹni tó tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ìṣòro tí kò borí rárá ni ti gígùn. Kásẹ́ẹ̀tì tó gùn jù tí ó ń rí rà jẹ́ ti 90 ìṣẹ́jú, ìyẹn 45 lójú kọ̀ọ̀kan, fújì kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí ojú kìíní bá ti parí, Bọ̀dá yóò sáré tẹ bọ́tìnì, yóò yọ kásẹ́ẹ̀tì, yóò yí i padà, yóò tún tẹ̀ ẹ́. Ohun tí olórin bá sọ láàárín àkókò yẹn ti bá afẹ́fẹ́ lọ. Kò sí èyí tí kò ní àlàfo bẹ́ẹ̀ nínú gbogbo 117.

Kí ló wá dé tí ènìyàn yóò fi máa wá kásẹ́ẹ̀tì oníhòòhò bẹ́ẹ̀ kiri, nígbà tí àwo rẹ́kọ́ọ̀dù wà ní ṣọ́ọ̀bù? Ojú kan àwo rẹ́kọ́ọ̀dù kì í sábà ju 20 sí 25 ìṣẹ́jú lọ. Fújì tí Síkírù Àyìndé Barrister sọ lórúkọ, tí ó sì gbé jáde láti inú orin wéré tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń jí àwọn Mùsùlùmí fún sààrì nínú àwẹ̀ Ràmàdáánì, kì í ṣe orin ogún ìṣẹ́jú. Orin òru mọ́jú ni. Nínú yàrá ìgbohùnsílẹ̀, olórin ti mọ ibi tí òun ń lọ kí ó tó la ẹnu. Lójú agbo, owó tí wọ́n bá lẹ̀ mọ́ ọn níwájú orí ni yóò sọ ibi tí orin yóò yà sí. Ẹni tó ń ṣe ìyàwó dìde, olórin fi orin tó ń kọ sílẹ̀, ó kì í. Ọ̀rẹ́ ọkọ ìyàwó dìde, ó tún yà bá ìyẹn. Ó rántí ọ̀tá rẹ̀, ó sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí i. Onídùndún dá a lóhùn, gbogbo agbo hó. Àwọn tó tẹ̀ lé ìjà orin Barrister àti Kollington Àyìnlá láyé ọjọ́sí mọ̀ pé ohun tó wọ inú àwo nínú ìjà náà kò tó ìdajì èyí tí wọ́n sọ lóde ináwó. Orin tuntun pẹ̀lú, lóde ni wọ́n ti ń dán an wò. Èyí tí èrò bá jó sí ni yóò wọ yàrá ìgbohùnsílẹ̀ ní ìkẹyìn.

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan ni irú èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Pink Floyd, ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti ń kọ àwọn orin The Dark Side of the Moon lórí ìtàgé láti oṣù Kìíní ọdún 1972, àwo náà kò sì jáde títí di oṣù Kẹta ọdún 1973. Kí ó tó jáde, ẹnì kan ti jí eré wọn ní Rainbow Theatre ní Lọ́ńdọ̀nù gbà sílẹ̀, wọ́n sì ti ń tà á ní àwo. Ní Los Angeles, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Mike Millard. Ó máa ń jókòó sínú àga onítáyà bí ẹni tí kò lè rìn, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì le koko. Ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ rẹ̀ ni àga náà ń gbé wọlé fún un. Òun ló gba eré tí Pink Floyd ṣe ní ìlú náà ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹrin ọdún 1975 sílẹ̀, àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ náà sì ń pín in láàárín ara wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Mo sọ èyí fún Bọ̀dá. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní kéréètì ọtí dára ju àga onítáyà lọ, nítorí pé kò sí ẹni tó ń kí kéréètì pé ara ń kọ́? Ìparí ìtàn náà ló yà á lẹ́nu. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2025, Pink Floyd fúnra wọn fi ohun tí Millard jí gbà yìí kún àwo tí wọ́n fi ṣàjọyọ̀ àádọ́ta ọdún Wish You Were Here, wọ́n sì ń tà á. Millard ti kú ní ọdún 1994. Bọ̀dá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá bi mí bóyá wọ́n fún àwọn ọmọ rẹ̀ lówó.

Ìbéèrè rẹ̀ mú mi dé ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti nira fún mi. Bọ̀dá kò kó àwọn kásẹ́ẹ̀tì náà jọ fún ìgbádùn lásán. Ó ń tà wọ́n. Ó ní ẹ̀rọ kan tó ń gba kásẹ́ẹ̀tì méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì ń fi da ọ̀kan kọ sínú èkejì láti alẹ́ títí di ìdájí. Àwọn awakọ̀ dánfó ń rà á, àwọn onígbàjámọ̀ náà ń rà á. Àwọn oníbàárà rẹ̀ tó dára jù ni àwọn tí wọ́n dárúkọ wọn nínú orin. Kò sí ẹni tó ń fi owó du orúkọ ara rẹ̀. Nígbà míràn, ẹnì kan láti ọjà ńlá yóò ra ẹyọ kan lọ́wọ́ rẹ̀, yóò sì lọ da á kọ ní àìmọye. Inú ń bí Bọ̀dá sí irú wọn di ìsinsìnyí. Ó ní olè ni wọ́n. Mo wò ó lójú, òun náà wò mí, àwa méjèèjì sì bú sẹ́rìn-ín.

N kò ní tìtorí pé ẹbí mi ni kí n purọ́ fún yín. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọnà ti ọdún 1988 sọ ọ́ kedere pé òṣèré ló ni eré rẹ̀, pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbà á sílẹ̀ tàbí kí ó tà á láìgba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Òfin tuntun tí wọ́n buwọ́ lù ní oṣù Kẹta ọdún 2023 kò mú ẹ̀tọ́ náà kúrò. Àwíjàre Bọ̀dá ni pé olórin ti gba owó iṣẹ́ kí ó tó wọ agbo, pé èyí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lórí tún jù bẹ́ẹ̀ lọ, àti pé kásẹ́ẹ̀tì òun ló ń polówó rẹ̀ káàkiri títí àwọn míràn fi ń wá a fún ináwó tiwọn. Òtítọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn kò kan àwọn onílù. Àwọn ni kì í rí nǹkan gidi nínú owó orí, àwọn ni kò sí ẹni tó ń polówó wọn. Nínú àpótí yìí, orúkọ olórin wà lára kásẹ́ẹ̀tì 116. Orúkọ onílù kan ṣoṣo kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn ìgbà tó dùn jù nínú rẹ̀, àwọn onílù ló ń sọ̀rọ̀.

Ẹyọ kan tó kù kò ní orúkọ olórin lára. "Bàbá, 1986" nìkan ni Bọ̀dá kọ síbẹ̀.

Ìsìnkú bàbá tó bí òun àti ìyá mi ni. Ní òru ọjọ́ náà, nígbà tí olórin ń kì wọ́n lọ, ìyá àgbà dìde láti orí àga opó, wọ́n gba máíkì lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì fi ẹnu ara wọn ki ọkọ wọn. Oríkì ìdílé ìyá bàbá àgbà ni wọ́n kì, èyí tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu ìyá ọkọ wọn nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ìyàwó. Wọn kò fi kọ́ ọmọ kankan. Wọ́n papòdà ní ọdún 1991. Nígbà tí mo ń kọ iṣẹ́ àṣekágbá mi lórí oríkì, gbogbo ẹbí ni mo bi léèrè, kò sí ẹni tó mọ̀ ju ìlà kan tàbí méjì lọ. Kò sí ẹni tó sọ fún mi pé ó wà lórí kásẹ́ẹ̀tì, nítorí pé wọn kì í dárúkọ kásẹ́ẹ̀tì yìí níwájú ìyá mi.

Bọ̀dá tà á. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìsìnkú, ìyá mi wọ dánfó ní Ojo Road, ó sì gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ tó ń sunkún ọkọ rẹ̀ láti inú sípíkà ọkọ̀. Ọkùnrin kan ń jẹ gúgúrú níwájú rẹ̀. Kọ̀ǹdọ́ ń gba owó. Awakọ̀ ń fi ọwọ́ lu sítíá sí i. Ó sọ̀ kalẹ̀ níbi tí kì í ṣe ibi tó ń lọ, ó sì fẹsẹ̀ rìn délé. Odindi ọdún méjì ni kò fi bá àbúrò rẹ̀ sọ̀rọ̀. Bọ̀dá ní owó ìsìnkú tí òun jẹ ni òun fẹ́ fi san. Mo gbà á gbọ́. Mo sì mọ ohun tó dun ìyá mi.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ṣe ìtọ́jú kásẹ́ẹ̀tì náà. Ebu funfun ti hu sí ara okùn rẹ̀, tìmùtìmù kékeré tó ń tì í mọ́ orí ẹ̀rọ sì ti jábọ́. Mo tú u, mo ṣí okùn náà sínú ike kásẹ́ẹ̀tì míràn, mo fi òwú àti sípírítì nu orí ẹ̀rọ, mo sì fi irin tín-ín-rín yí ìdè orí ẹ̀rọ náà díẹ̀díẹ̀ títí ohùn tó ń kùn bí oyin fi là. Mo wá kọ ọ́ sínú kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n ohùn gbogbo ènìyàn tín-ín-rín bí ohùn ọmọdé, bí òru sì ti ń lọ ni ó ń tín-ín-rín sí i. Ìdí rẹ̀ kò farasin: bátìrì rédíò ń kú lọ ní alẹ́ ọjọ́ náà, okùn kásẹ́ẹ̀tì ń falẹ̀ bí ó ti ń gbohùn sílẹ̀, nígbà tí a bá wá gbé e sínú ẹ̀rọ tó ń sáré bó ṣe yẹ, ohùn á ga ju ti ẹni tó ni ín lọ. Kọ̀ǹpútà lè dín eré rẹ̀ kù. Ohun tí kọ̀ǹpútà kò mọ̀ ni ibi tó yẹ kí ó dín in kù dé.

Mo bẹ ìyá mi pé kí wọ́n tẹ̀ lé mi lọ sí Ajégúnlẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ kọ̀. Nígbà tí wọ́n máa dé, wọn kò jókòó lórí àga tí Bọ̀dá fà fún wọn. Etí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n jókòó sí. Mo ń dín eré náà kù díẹ̀díẹ̀, mo ń bi wọ́n léèrè, wọ́n ń mi orí. Ó kù díẹ̀. Ó tún kù díẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n gbé ọwọ́ sókè, wọ́n ní, "Dúró níbẹ̀. Màmá mi nìyẹn."

A ti fẹnu kò sí i pé kásẹ́ẹ̀tì yìí kò ní dé orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Àwọn 116 yòókù, mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹbí àwọn olórin tó ti kú àti àwọn tó ṣì wà láàyè, kí n lè fún wọn ní ẹ̀dà. Bí ẹnikẹ́ni nínú wọn bá lè sọ orúkọ àwọn onílù fún mi, màá kọ ọ́ síbi tó yẹ.

A jẹ́ kí ó máa lọ. Ní nǹkan bí ìṣẹ́jú kẹrìnlélógójì, ìyá àgbà dárúkọ ìlú tí ìyá bàbá àgbà ti wá, wọ́n dárúkọ odò tó wà níbẹ̀, wọ́n gbé ohùn sókè láti sọ ohun tí àwọn ará odò náà ń ṣe. Kásẹ́ẹ̀tì dún kà. Ojú kejì bẹ̀rẹ̀ níbi tí àwọn èrò ti ń pàtẹ́wọ́.

"Mo ń yí i padà nígbà náà ni," Bọ̀dá ní. "Bọ́tìnì kò tètè gbéra." Ó di ojú rẹ̀, ó ní gbólóhùn mẹ́ta ló sọnù, ó sì sọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìyá mi ní irọ́ ni, méjì ni. Wọ́n ní èyí tó fi sáàárín yẹn, ti ilé bàbá ni, kò sí ní ti ilé ìyá.

"Àǹtí mi, mo wà níbẹ̀."

"Èmi nkọ́? Ta ló di Màmá mú kí wọ́n má ṣubú?"

Ó tún un sọ. Wọ́n tún un ṣe fún un. Ó fi ìlà kan kún un tí kò sí ẹni tó rántí tẹ́lẹ̀, ìyá mi sì dákẹ́, wọ́n ní kí ó tún sọ ọ́. Fóònù mi wà lórí àpótí, mo ti tẹ̀ ẹ́ kí ó máa gbohùn wọn sílẹ̀ láti ìgbà tí kásẹ́ẹ̀tì ti dún kà. N kò tọrọ àṣẹ.